Òjò ló ń pín wọn: ẹranko igbó Nàìjíríà láti etí òkun dé Sàhẹ́lì

Ẹ kú ìjókòó. Bí ẹnì kan bá bi wá pé ẹranko wo ló wà ní Nàìjíríà, àwa náà á kọ́kọ́ bi í pé: báwo ni òjò ṣe ń rọ̀ tó níbi tí ò ń sọ? Lẹ́bàá òkun ní gúúsù-ìlà-oòrùn, òjò ọdún kan máa ń ju 3,000 mìlímítà lọ. Lápá Adágún Chad, kì í sábà tó 500. Òjò yìí ló ń pinnu bóyá igi ló máa bo ilẹ̀ tàbí koríko, ẹranko sì ń tẹ̀ lé ohun tó rí jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú erin. Oríṣi méjì ló wà nílẹ̀ wa, àmọ́ ọdún 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Erin ọ̀dàn ni ti Yankari, ọgbà ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ Bauchi: ó ga, etí rẹ̀ fẹ̀, eyín rẹ̀ tẹ̀ bọ́ síwájú. Erin igbó ni ti Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Okomu ní Ẹdó: ó kéré díẹ̀, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ gùn gbọọrọ wálẹ̀. Ẹ tú ìgbẹ́ erin igbó wò lásìkò tí òro bá ń so, ẹ ó bá kóró rẹ̀ níbẹ̀ lódidi, kóró kan náà tí wọ́n ń là kí wọ́n tó rí ààpọn. Erin ló ń gbìn ín káàkiri. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé erin igbó kì í yára bímọ. Ti ọ̀dàn lè bí àkọ́bí ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, ti igbó sábà máa ń kọjá 20. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa abo kan ní Omo lónìí, ó di ìran mìíràn kí àyè rẹ̀ tó dí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ẹranko, ọ̀dàn ni kó lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù kejì sí ìkẹrin, adágún kéékèèké ti gbẹ ní Yankari, gbogbo wọn á wá forí lé odò Gaji. Ẹni tó bá lọ lóṣù kẹjọ, koríko gíga nìkan ni yóò máa wò, torí omi wà níbi gbogbo, wọ́n sì ti fọ́n ká. Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ló ń ran àwọn apẹran lọ́wọ́: ẹni tó bá mọ ibi omi ti mọ ibi ẹran. Níbi omi gbígbóná Wikki, ẹ má fún àwọn ọ̀bọ ńlá onímú gígùn lóúnjẹ. Èyí tó bá ti jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ èèyàn, jíjá ló máa ń já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá tún dé. Ní ti kìnnìún, Yankari àti ọgbà ẹranko Kainji nìkan ló kù sí, gbogbo wọn kò sì tó 50.

Gọ̀rílà, ìyẹn ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀, kò ṣeé fojú rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lórí òkè Cross River àti ní Cameroon tó múlé gbè é kò ju nǹkan bí 300 lọ, wọ́n sì ń sá fún èèyàn. Ibi tí wọ́n sùn ni à ń kà. Ní ìrọ̀lẹ́, gọ̀rílà kọ̀ọ̀kan tó ti já lẹ́nu ọmú á tẹ ewé àti ẹ̀ka, á sì tẹ́ ibùsùn tuntun. Ọmọ ọwọ́ ń bá ìyá rẹ̀ sùn ni. Nítorí náà, iye ibùsùn kò lè sọ iye ọmọ ọwọ́ fún wa. Ohun tó ń ba ìṣirò jẹ́ ni kí a ka ti àná mọ́ ti ìjẹta. Ewé tútù àti ìgbẹ́ tí kò tíì gbẹ la fi ń yà wọ́n. Bí òjò bá pọ̀, wọ́n lè gun igi sùn, ó sì rọrùn láti ṣi ibùsùn wọn mú fún ti ìnàkí (chimpanzee). Irun tó bá kù sínú ibùsùn ló máa ń parí ẹjọ́ yẹn. Ní 2020, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ní òkè Mbe ya àwòrán wọn pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́.

Ilẹ̀ Ìgbò ló ṣe ohun tí òjò kò ṣe. Ọ̀bọ Sclater, tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù Nàìjíríà lọ, ti pàdánù ọ̀pọ̀ igbó rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Lagwa ní ìpínlẹ̀ Imo, èèwọ̀ ni kí wọ́n pa á. Ó ń rìn láàárín ilé, ó sì ń jẹ oko olóko.

Ní Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lápá òkè àríwá, ẹ wo àbàtà Hadejia àti Nguru. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ láti Yúróòpù máa ń sá fún òtútù wá síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ ìdídò Tiga lọ́dún 1974 àti Challawa Gorge lẹ́yìn rẹ̀ sí apá òkè àwọn odò tó ń bọ́ síbẹ̀, ìkún omi tó ń bo ilẹ̀ náà lọ́dọọdún dín kù. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò sì jẹ́ kí ojú odò gbẹ mọ́, torí náà Typha, koríko gíga tó ń hù nínú omi, rí ààyè hù. Ó ti di ọ̀nà omi pa; àwọ̀n apẹja kò wọ ibẹ̀ dáadáa, ẹyẹ tó ń fẹ́ omi gbalasa kò sì rí ibi bà lé. Gígé é lásán kò tó, torí gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀, ó sì máa ń tún yọ.