Bí A Ṣe Ń So Sẹ́ńsọ̀ Àyà àti ti Ìka Pọ̀ Láìsí Wáyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ fi dí mi lọ́wọ́: sẹ́ńsọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ó dé ara èèyàn, ó dákẹ́. Kódù kọ́ o! Omi ara ló ń fa ìgbì 2.4 GHz, ìyẹn ìgbì Wi-Fi tó ń gbé ìsọfúnni, mu. À ń bọ̀ níbẹ̀.

ESP32 mẹ́ta la ó lò, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní Wi-Fi nínú. Ọ̀kan fún ìka, ọ̀kan fún àyà, ẹ̀kẹta lórí tábìlì, òun ló ń gba ohun tí àwọn méjì yòókù bá fi ránṣẹ́.

Ti ìka ni MAX30102, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi iná wo ìlùkìkì ọkàn àti ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀. SDA (ojú ìsọfúnni) sí ẹsẹ̀ 21 lára ESP32, SCL (ojú aago) sí 22, VIN (ojú iná) sí 3V3, ìyẹn fóòtì 3.3, GND sí GND, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi kódù I2C scanner wá àdírẹ́sì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ESP32 fi ń pè é, 0x57 ló yẹ kó jáde. Bí kò bá jáde, ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá fi òjé so ojú ibẹ̀ mọ́ 1V8 (fóòtì 1.8), ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sí 3V3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìka mọ́ ọn bí ẹni ń tẹ̀ka ní báńkì! Ẹ̀jẹ̀ ni iná pupa yẹn ń wá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí èékánná fi funfun, kí ló fẹ́ rí?

Ti àyà ni AD8232, bọ́ọ̀dù tó ń ka iná ọkàn (ECG). OUTPUT sí ẹsẹ̀ 34. Ẹ má fi sí 25 tàbí 26, ADC2 nìyẹn, ọ̀kan lára apá méjì tí ESP32 fi ń wọn fóòtì, kì í kà bí Wi-Fi bá ti ń ṣiṣẹ́. Alemọ́ mẹ́ta ló wà, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara: RA lábẹ́ èjìká ọ̀tún, LA lábẹ́ ti òsì, RL nísàlẹ̀ ikùn lọ́tùn-ún. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ wáyà, kì í bára mu. Ẹ nu òrí àti ìpara kúrò lára kó tó lè lẹ̀. Bátìrì nìkan o! Bí alemọ́ bá wà láyà èèyàn, ẹ má so ó mọ́ laptop tó wà lórí iná.

Ó yá, ESP-NOW, ọ̀nà tí àwọn ESP32 fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà láìsí ráútà. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ (v1.0), báìtì 250 ni ẹrù rẹ̀, ìyẹn ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan, mọ. Ẹ ka ọkàn ní ìgbà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ kó 50 jọ, báìtì méjì-méjì, ẹ fi nọ́ńbà sórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ti tábìlì bá wọ Wi-Fi ilé, ikanni ráútà ló máa bọ́ sí, àwọn méjì tó kù á wá di adití. Ẹ fi ráútà sí ikanni 6, ẹ fi gbogbo wọn síbẹ̀.

Wàyí o, idán mi. Ẹ wo ilà wọ́gọwọ̀gọ yìí létí bọ́ọ̀dù: áńténà nìyẹn. Ìta ni kó kọjú sí. Ẹ gé fóòmù sílípáàsì, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, sáàárín òun àti ara. Ẹ má sì gbé bátìrì lé e lórí.

Ẹni tó ní òun fẹ́ fi èyí wo ìyá òun dípò ilé ìwòsàn, rárá o. Ìwọ̀n ọ́ksíjìn báyìí máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ lára aláwọ̀ dúdú, àní ti ilé ìwòsàn pàápàá.

Ó kù ká dán an wò. Kí ẹni tó wọ̀ ọ́ kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, kó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa wo nọ́ńbà ẹrù: 41, 42, 45. Méjì ti sọnù. Ẹ fi fóòmù kún un.