"Dókítà, Kí Ni Mo Ṣe?": Résídẹ́ǹtì Abẹ Ọpọlọ Nídìí Jíìnì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ̀yin òbí tí ẹ wá gbọ́ wa, mo kí yín. Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kí n sì sọ ohun tó gbé ẹni tó yẹ kó wà ní tíátà dé ìdí ìwádìí jíìnì. Ìyá kan ló gbé mi débẹ̀.

Ó pọn ọmọ oṣù mẹ́rin wá sí kílíníìkì. Orí ọmọ náà ti tóbi ju ara rẹ̀ lọ, àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, ó le bí awọ ìlù, ẹyinjú rẹ̀ sì ń rì sísàlẹ̀ bí oòrùn tó ń wọ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Mo mọ ohun tí a máa ṣe sí i: a máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní ṣọ́ǹtì bọ inú ọpọlọ, a máa gbà á abẹ́ awọ ọrùn àti àyà sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn, kí omi náà lè máa rí ibi gbà lọ. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Àwọn ará ilé ọkọ ti sọ tiwọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, kò sì fi píìnì há aṣọ. Mo ní, "Mà, ẹ ò ṣe nǹkan kan." Ó ní, "Ta ló wá ṣe é?" Ẹnu mi wọ ilẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìdáhùn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méje ni résídẹ́ǹtì abẹ ọpọlọ, dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ náà, ń lò lẹ́yìn tó ti gboyè dókítà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ sì máa ń yọ ọdún kan tàbí méjì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ìwádìí nìkan. Níbí, ìdánwò Part One wà, ti Part Two wà, ìwé ìwádìí sì wà tí ènìyàn ní láti kọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la máa kọ ọ́? Òru wa, ọlọ́kadà tí kò dé akoto ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á dì sábẹ́ agbárí, a ó lu agbárí, a ó fà á jáde. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́ọ̀dù ń dúró. Ọwọ́ yá kíákíá nínú irú iṣẹ́ báyìí, àmọ́ ìbéèrè ìyá yẹn kì í ṣe ìbéèrè ọwọ́.

Ẹni tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nílẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ náà. Ọmọ Awẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku. Ó gboyè dókítà ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan níbẹ̀, ó sì padà sí Ìbàdàn lọ́dún 1962 láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka náà ní ilé ìwòsàn UCH. (Akéwì tún ni. Bó ṣe rí àyè ewì láàárín àwọn orí tó ń là, èmi ò mọ̀.) Lọ́dún 1971, òun àti Adélọlá Adélóyè kọ̀wé nípa kókó kan tó máa ń yọ lórí àwùjẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú. Ìwé ìṣègùn kárí ayé ṣì ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe kókó náà títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé wọn kò gé e dànù kí wọ́n lọ sílé. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n bi í léèrè ibi tó ti wá.

Lónìí, ìbéèrè yẹn ti wọ inú jíìnì. Ẹ wo DNA bí ìwé ńlá tó ní lẹ́tà bíi bílíọ̀nù mẹ́ta. Jíìnì bíi 20,000 ló wà nínú rẹ̀ tó ń pàṣẹ bí ara ṣe máa mọ èròjà rẹ̀. Bàbá da ìwé tirẹ̀ kọ, ìyá da tirẹ̀ kọ, ọmọ gba méjèèjì. Ẹni tó bá ti da ìwé gígùn kọ rí mọ̀ pé àṣìkọ kò ṣeé yẹ̀. Gbogbo wa tí a jókòó síbí la ní àṣìkọ tuntun bíi 60 sí 70 tí kò sí lára bàbá wa, tí kò sí lára ìyá wa. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe nǹkan kan. Àfi tí ọ̀kan bá bọ́ sójú ibi tí jíìnì ti ń darí bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà.

Ọ̀nà tí a fi ń rí i kò le lẹ́nu: ẹ̀jẹ̀ bàbá, ẹ̀jẹ̀ ìyá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí a ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a wá èyí tó wà lára ọmọ nìkan. Lọ́dún 2020, ikọ̀ kan tí Kristopher Kahle, dókítà abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn olórí rẹ̀, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí 381 aláìsàn tí wọ́n bí pẹ̀lú omi ọpọlọ. Àwọn 232 nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá lọ́wọ́. Wọ́n ṣírò pé àṣìkọ tuntun lọ́wọ́ nínú ohun tó lé ní 17 nínú 100 wọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni irú jíìnì tí wọ́n rí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé omi ni ọ̀ràn: ó pọ̀ jù tàbí kò ríbi gbà, ó wá ń ti ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ jíìnì tí wọ́n bá kò mọ nǹkan kan nípa omi. Àwọn tó ń darí sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ ọpọlọ nínú oyún ni. Lára àwọn ọmọ kan, ó jọ pé ọpọlọ gan-an ni kò nípọn tó, tí omi wá gba àyè tó ṣófo. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ṣọ́ǹtì? Kì í ṣe ìbéèrè kékeré, torí ṣọ́ǹtì máa ń dí, ó máa ń kó àrùn. Nínú ọmọ mẹ́wàá, ti bíi mẹ́rin ló máa ń bàjẹ́ láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, a ó sì tún gbé wọn padà sí tíátà.

Ẹ̀yin ará ilé ọkọ, ẹ gbọ́ eléyìí pẹ̀lú: mẹ́ta nínú mẹ́rin irú àṣìkọ tuntun bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń wá, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bàbá ṣe ń gòkè. (Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ níhìn-ín. Mo ní kí wọ́n rọra, pé bàbá náà kò mọ̀ọ́mọ̀.)

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ gbogbo orí tó wú di ọ̀ràn jíìnì. Ní Mbale, ní Uganda, Benjamin Warf, dókítà abẹ ọpọlọ, rí i pé nǹkan bí mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n gbé wá, àkóràn tó mú wọn lẹ́yìn ìbí ló fà á. Résídẹ́ǹtì tó bá ń lépa jíìnì tí kò béèrè bóyá ibà mú ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹja inú odò ló ń lé tó fi ti inú agbọ̀n sílẹ̀.

Wọ́n bi mí bóyá nǹkan òyìnbó kọ́ ni gbogbo èyí. Ẹ̀jẹ̀ wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ayé ń ṣe HapMap, ìwádìí tó ń wá ibi tí DNA ènìyàn ti yàtọ̀ síra, ìdílé ẹlẹ́ni-mẹ́ta 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie ti ń ṣèwádìí lórí àwọn arúgbó ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2001: nínú àwọn arúgbó tiwa, àwọn tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti Indianapolis: 1.15 nínú 100 lọ́dọ̀ tiwa, 2.52 nínú 100 lọ́dọ̀ tiwọn. Jíìnì APOE4 tí wọ́n ń bẹ̀rù níbòmíràn pé ó ń fa àrùn ìgbàgbé yìí, wọn kò rí i kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìdíkàn. Ẹni tó bá gba ìwé jíìnì tí wọ́n kọ lórí ara ẹlòmíràn, tó fi ń wo aláìsàn tirẹ̀, yóò ṣì í wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí résídẹ́ǹtì rí àkókò tí wọn kò ní pè é sí pàjáwìrì, àti fìríìsà tó ń tutù dé ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo tí iná kò ní kú lórí rẹ̀. Kókó tí à ń yọ nínú ọpọlọ ní tíátà, èyí tí kò bá lọ fún àyẹ̀wò, inú garawa ló ń lọ. Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí i.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó bi mí bóyá wọ́n lè tún jíìnì tó ní àṣìkọ ṣe kí orí ọmọ má wú. Fún omi ọpọlọ, kò tíì sí. Mo wá sọ ohun tó wà lọ́wọ́ fún un. Àwọn ọmọ tí eegun ẹ̀yìn wọn kò padé nínú oyún, ọ̀pọ̀ wọn ni omi ọpọlọ máa ń bá jà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991 fi hàn pé folic acid, irú fítámì kan, dín àìpadé eegun ẹ̀yìn yìí kù ní 72 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi mí ìgbà wo ni kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo ní kó tó lóyún, torí ìwọ̀n ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ẹ̀yìn ọmọ ti padé tán, ọ̀pọ̀ obìnrin kò sì tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà náà.