Ta Ló Ka Ẹni Tó Ń Tọ́jú Màmá?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ nìyí ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá, torí mo mọ̀ pé ìtọ́jú aláìsàn gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ráyè jáde.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o. Ẹ̀yin bàbá mẹ́ta tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, mo rí yín, ẹ má sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń ka ènìyàn ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì ní ilé ìdáná. Mo ti kọ orúkọ gbogbo ará ilé tán. Mo wá kan ìbéèrè kan tó ní: ǹjẹ́ o máa ń tọ́jú ẹnikẹ́ni, tàbí kí o ràn án lọ́wọ́, nítorí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń ṣe é, ìbáà ṣe ti ara tàbí ti ọpọlọ, tàbí nítorí wàhálà ọjọ́ ogbó? Wọ́n ní kí a má ka èyí tí a ń gbowó iṣẹ́ lé lórí mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń kà á ni ìyá ọkọ mi ti pè láti yàrá: "Ìyàwó mi, aboniki yẹn dà? Orúnkún yìí tún ti dé." Mo ní, "Mò ń bọ̀, mà." Mo tẹ "Rárá", mo dìde, mo lọ fi aboniki pa orúnkún fún wọn.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ̀yin tẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Mi ò purọ́ o. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kíà ni wọ́n ń bi: ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tó wọ bọ́ọ̀sì méjì láàárọ̀ kùtù lọ wẹ̀ fún arúgbó Òyìnbó, tí owó ń wọ báǹkì rẹ̀ ní ìparí oṣù. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tí mò ń ṣe nílé kò lórúkọ. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n, àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú apá òsì wọn, ta ni kó tọ́jú wọn? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yẹn ti bá wa parí ẹjọ́ láti ayébáyé. Kò sì sẹ́ni tó bi ọmọ òkété pé wákàtí mélòó ni ìyá rẹ̀ fi ń mu ọmú lọ́sẹ̀.

Àwọn tó ń ka ènìyàn ń béèrè rẹ̀. Bí o bá tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", wọ́n á bi ọ́ ní wákàtí: ṣé 9 tàbí kó dín sí i, 10 sí 19, 20 sí 34, 35 sí 49, àbí 50 sókè. Nọ́ọ̀sì kan tó ń wá wo Màmá ló ní kí n mú bébà kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, mo gbé wọn dìde, mo pààrọ̀ pámpáàsì, mo wẹ̀ fún wọn, mo po ẹ̀kọ mímu. Ẹ̀kọ yẹn kò gbọdọ̀ ṣàn jù, kó má baà gba ọ̀nà òdì lọ́fun, mo sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi gbé e mì tán. Wákàtí méjì lọ. Ọ̀sán, oúnjẹ àti òògùn láti inú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ méje sí lára, wákàtí kan. Alẹ́, wákàtí méjì. Òru, ẹ kà á sí ìdajì wákàtí, bí Ọlọ́run bá bá wa ṣe é. Ó di wákàtí 38 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ó ju iṣẹ́ tí mò ń gbowó oṣù lé lórí lọ. "Rárá" ló sì wà nínú fọ́ọ̀mù ìjọba.

Lọ́dún 2021 yẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ènìyàn ló tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales. Lọ́dún 2011, mílíọ̀nù 5.8 ni wọ́n. Ṣé àìsàn ló dín kù ni? Ó tì o. Kòrónà wà lóde, wọ́n ti ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, àwọn arúgbó kan sì ti lọ. Àmọ́ wọ́n tún yí ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè náà padà. Ti 2011 dárúkọ ará ilé, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Ti 2021 kàn ní "ẹnikẹ́ni". Ẹni tó bá rí "ará ilé" nínú ìbéèrè á rántí ìyá rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni" kò rán èmi létí ẹnì kankan. Ibi tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe wákàtí 50 sókè kò dín kù rárá bí a bá wo ìdá wọn láàárín ènìyàn. Àwọn tí ẹrù tiwọn fúyẹ́ ni iye wọn já wálẹ̀. Ní Írẹ́lándì ńkọ́? Àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2016 jẹ́ 195,263. Lọ́dún 2022, wọ́n tún ìbéèrè tiwọn kọ kó lè gba ènìyàn púpọ̀ sí i, iye náà sì fò dé 299,128. Mi ò ní pé ìbéèrè nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé bí a bá ṣe bi èèyàn ni yóò ṣe dáhùn.

Ẹ má rò pé Yorùbá nìkan ló ń ṣe báyìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní òwe òkété tiwọn. Lọ́dún 1963, obìnrin pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Mary Webster, tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí àwọn òbí rẹ̀, kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn nípa àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ tó wà nínú ilé pẹ̀lú òbí arúgbó. Lẹ́tà wọ́ tọ̀ ọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn bíi tirẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1965. Nígbà tó di 1976, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní obìnrin tó bá wà nílé ọkọ kò gbọdọ̀ gbà á. Kí nìdí? Wọ́n ní ilé ló kúkú máa wà tẹ́lẹ̀! Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí Jacqueline Drake, ìyàwó ilé kan tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tọ́jú ìyá rẹ̀, tó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù, tó sì borí lọ́dún 1986. Síbẹ̀síbẹ̀, ọdún 2001 ni ìbéèrè nípa ìtọ́jú tó kọ́kọ́ wọ inú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọmọ òun ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì sọ̀rọ̀, tàbí pé orí ọkọ òun ń dàrú lóru? Fọ́ọ̀mù tí ẹ bá kọ, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń tì í pa. Ti 1921, oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fún aráyé. Wọn kì í mú ìdáhùn yín lọ fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, wọn kì í sì í mú un lọ fún àwọn tó ń san owó ìrànwọ́. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba kò rú òfin kankan bó bá sọ pé òun ń tọ́jú ìyá òun. Èèyàn kan ò sì ní san kọ́bọ̀ fún un torí bẹ́ẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Iye èèyàn tó bá jáde fún àdúgbò ni káńsù fi ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí ibi kan wà tí èèyàn lè gbé Màmá sí fún ọjọ́ méjì kí òun náà lè sùn. Bí gbogbo wa bá tẹ "Rárá", wọ́n á ní kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ láàárín àwọn Nàìjíríà. Mo sì ti gbọ́ ọ rí létí mi méjèèjì, ní ìpàdé kan báyìí.

Ẹ tún wo ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Bàbá ilé ló sábà máa ń kọ ọ́ fún gbogbo ilé, ó lè má mọ ìgbà tí ẹ ń jí lóru. Ní 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 lè béèrè fún tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń ka ẹni tó ń tọ́jú èèyàn. Nǹkan bíi 120,000 ọmọ ọdún 5 sí 17 ni wọ́n kà ní Ẹ́ńgíláǹdì. Ọmọkùnrin mi ló ń bá mi gbé Màmá láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga. Mi ò kọ tirẹ̀ náà.

Màmá kan béèrè nípa ilé. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006, tó ní a ju mílíọ̀nù 140 lọ. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe lóṣù karùn-ún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ìgbà yòówù kí wọ́n ṣe é, ó wù mí kí ìbéèrè yìí wà níbẹ̀.

Níhìn-ín, ọdún 2031 ni wọ́n fẹ́ tún ka ènìyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ ṣàlàyé fún àwọn ìyá lọ́jà Peckham àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n pé ṣé "carer" ni wọ́n. Wọ́n á ní rárá, àwọn ò ṣe iṣẹ́ kíà mọ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló ń wẹ̀ fún Màmá? Ta ló ń kó òògùn sí páálí? Ta ló ń jí lóru?" Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ka wákàtí.

Bí a ṣe ń palẹ̀ àga mọ́, ọ̀kan nínú àwọn bàbá mẹ́ta yẹn wá bá mi. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ ná, mà. Èmi ni mò ń wa ìyàwó mi lọ ọsibítù tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Màá dúró títí wọ́n á fi ṣe tán. Ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Wákàtí mélòó ni, sà?"

Wọ́n gbé fìlà wọn sórí àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á.