Wáàsí Jímọ̀: Ọba Nàsárà tó gba Mùsùlùmí sílẹ̀

As-salaamu alaykum, ẹ̀yin ará mi ní Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí ìyà àwọn Kùréṣì pọ̀ lápọ̀jù ní Mẹ́kà, tí wọ́n ń tẹ́ Bìlálì sórí yanrìn gbígbóná, tí wọ́n gbé àpáta lé e láyà, tí wọ́n pa Sumayya nítorí pé kò sẹ́ Ọlọ́hun, ta ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí àwọn sàhábé sá tọ̀ lọ? Ọba Nàsárà ni: Nàjáṣì, ọba Hábáṣà (ilẹ̀ Ethiopia), ní nǹkan bí ọdún 615.

Kùréṣì rán oníṣẹ́ tẹ̀lé wọn, wọ́n kó ẹ̀bùn awọ dání, kí ọba lè dá wọn padà. Àwọn ìjòyè ti gbà, ṣùgbọ́n ọba ní òun á gbọ́ tẹnu àwọn àlejò ná. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Jáfárì ọmọ Abu Talib dìde, ó ka Súrátù Maryam. Ọba sunkún títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi rin gbingbin. Ó ní kí àwọn oníṣẹ́ Kùréṣì kó ẹ̀bùn wọn, kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó kú, Ànábì kírun sí i lára láti Mẹ̀dínà.

Kì í ṣe gbogbo ọba ló ṣe bíi tirẹ̀. Ní 1492, àwọn ọba Nàsárà ní Sípéènì gba Granada lọ́wọ́ Mùsùlùmí, wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ká má tanra wa o: àwọn Almohad, ìjọba kan láti Mòrókò, tó gba ìlú Kọ́dóbà ní Sípéènì ní 1148, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì fi ayé ni àwọn Yẹhudi ibẹ̀ lára.

Àwa náà ńkọ́? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló wá tẹ̀dó sí, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ oyè ni, kì í ṣe ẹ̀sìn, àmọ́ wọ́n rí ibi forí pamọ́ sí.

Lónìí, onílé kan á gbọ́ pé Jọ́ọ̀nù ni ayálégbé ń jẹ́, á ní yàrá ti tán, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ìṣó. Ẹlòmíì á ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sọ́mọ òun nítorí híjáàbù. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Súrátù Maida, áyà 8, ti dá wa lóhùn: kí ìkórìíra ìjọ kan má ṣe ti wa débi tí a ò ní ṣe déédéé.

Ẹ̀yin onílé, bí ó bá lè san owó ilé, ẹ fún un ní yàrá.