Ẹ̀rọ Kì Í Tún Iṣẹ́ Ọ̀bẹ Ṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Pèsè Tíṣù Nínú Láàbù

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀rọ tó ń pèsè tíṣù, ìyẹn ègé ẹran ara aláìsàn tí a fẹ́ fi ìda mú le, ká lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní tètè fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòroó sọ. Omi ló kún inú tíṣù, ìda kì í sì í bá omi rẹ́. Ẹ̀rọ á fi ọtí lé omi jáde, á fi sáílínì (xylene tó ń bá ọtí àti ìda rẹ́, kì í ṣe omi iyọ̀) lé ọtí jáde, á wá fi ìda yíyọ́ gba ipò sáílínì. Kò sí idán níbẹ̀. Ohun kan ń wọlé, òmíràn ń jáde, ìwọlé-wọ̀de yìí sì ní òfin tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀: bí tíṣù bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí olómi máa fi dé àárín rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 3, tí wákàtí 1 tó fún nínú ọtí kan, tí ẹ bá gé e ní mìlímítà 6, wákàtí 4 ló ń fẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹ gé e nípọn. Wákàtí 1 tí ẹ kọ sí i náà ló máa fún un, á sì gba ibòmíràn lọ.

Àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ á ní pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ ti yanjú ìyẹn. Ó ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́, pàápàá fún ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ há sí nínú. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "gé e fẹ́lẹ́" sí. (Ẹ̀rín.)

Ẹ wo kásẹ́ẹ̀tì, àpótí ike kékeré tí tíṣù ń wà nínú ẹ̀rọ, dáadáa. Àyè inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ki ìdérí mọ́lẹ̀ kó tó lè dé ti kùnà kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Tí ẹ bá ṣí i níkẹyìn, ẹ ó rí ojú ihò ìdérí tó tẹ̀ sára tíṣù bí ilà ojú. Ibi tí ike ti lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, olómi kò débẹ̀. Mìlímítà 3 ló dára, 4 ni òpin. Tíṣù ọlọ́ràá bíi ti ọmú kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá.

Fọ́málínì, olómi tí a kọ́kọ́ ń fi tíṣù sí kó má bàa jẹrà, náà ńkọ́? 10% tí wọ́n fi iyọ̀ fọ́sífétì tún ṣe, kó pọ̀ ju tíṣù lọ ní ìlọ́po 10 ó kéré tán. 20 ló dára jù. Fún ọmú tí wọ́n máa wá ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù nínú rẹ̀, wákàtí 6 sí 72. Tí ẹ bá kánjú gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ọtí ló máa parí iṣẹ́ tí fọ́málínì kò parí: lábẹ́ máíkírósíkóòpù, etí rẹ̀ á rí bákan, àárín á rí bákan mìíràn, dókítà á sì ní ẹni tó fi àwọ̀ kùn ún ló bà á jẹ́.

Ọtí: 70%, 95%, kó tó wá kan ògidì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má fo 70% yẹn. Tí fọ́málínì bá bọ́ sínú ọtí tó le tààrà, iyọ̀ inú rẹ̀ á dì, á sì dí páìpù. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti wọ ọtí ògidì, kó bu díẹ̀ lé kọ́pà súlífétì gbígbẹ. Funfun ni, tó bá di àwọ̀ aró, omi ti dé.

Mo rí ọwọ́ kan lẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù ìda tí tíṣù wà nínú rẹ̀ ti dì tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, àárín rẹ̀ wá rì, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ṣé a lè dá a padà?"

Ẹ lè dá a padà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ sáílínì ló ń rùn, ìda ni kò tó: ẹ yọ́ ọ, kí ẹ tún un fi sínú ìda tuntun pẹ̀lú pọ́ǹpù. Tí kò bá rùn, tó kàn rọ̀, omi ló ṣẹ́ kù. Ẹ yọ́ ọ, ẹ nu ìda rẹ̀, ẹ dá a padà sínú sáílínì, lẹ́yìn náà ọtí ògidì, kó tó tún gba ọ̀nà tó gbà wá. Ṣùgbọ́n kó tó wọnú ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá náà ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ẹni kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí á kúkú fi kún àkókò gbogbo rẹ̀. Rárá o. Èérún tí kò ju mìlímítà 1 lọ tó bá bá àwọn àgbà sun ètò òru wákàtí 12 á gbẹ kangan. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ìlà wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà ló máa hàn lójú rẹ̀. Ètò kúkúrú tirẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún un. Èyí tó bá ti gbẹ, ẹ da ojú rẹ̀ dé omi yìnyín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó gé e.

Alága ti ń wo aago, mo mọ̀. Sáílínì, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tó bá funfun bíi wàrà, ọtí yín ni kí ẹ lọ wò. Ìda, kí ooru rẹ̀ fi ìwọ̀n 2 sí 4 ju ibi tó ti ń yọ́ lọ, kó má ju bẹ́ẹ̀. Ooru àpọ̀jù ń sún tíṣù kì. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọtí, ẹ da ti ipò àkọ́kọ́ nù, ẹ sún àwọn tó kù síwájú, kí tuntun wà ní ìkẹyìn. Ẹni tó bá da tuntun sí ipò àkọ́kọ́, ọtí olówó ńlá ló fi ń fọ fọ́málínì.