Bí A Ṣe Ń Ka Natasha Trethewey

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ Natasha Trethewey, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, la bá wá lónìí, mo sì máa sáré díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Gulfport, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1966. Ìyá rẹ̀ dúdú, bàbá rẹ̀ funfun, akéwì sì ni bàbá náà. Nígbà yẹn, òfin Mississippi ò gbà kí dúdú àti funfun fẹ́ra wọn. Ohio làwọn òbí rẹ̀ ti lọ ṣègbéyàwó. Ìgbéyàwó ọ̀hún tú. Ìyá fẹ́ ọkùnrin mìíràn ní Atlanta, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìyà, ọkùnrin yẹn sì yìnbọn pa á lọ́dún 1985. Ọmọ ọdún 19 ni Natasha. Ikú yẹn ló tì í sídìí ewì.

Ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, Domestic Work, jáde lọ́dún 2000. Rita Dove, akéwì Amẹ́ríkà mìíràn, ló yàn án fún Cave Canem, ẹ̀bùn fún ìwé àkọ́kọ́ àwọn akéwì adúláwọ̀. Ó dáa. Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí: ìwé ewì rẹ̀ Native Guard, 2006.

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà! Wọ́n á ka ewì nípa ìyá, omi á bọ́ lójú wọn. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun, wọ́n á ní ìtàn ogun lásán ni, wọ́n á ṣí i kọjá. Ẹ má ṣí i kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i kọjá!

Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Native Guard, tí púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹrú rí, ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ ogun Gúúsù, ìyẹn ìhà tó fẹ́ kí òwò ẹrú máa bá a lọ, tí wọ́n mú lójú ogun tí wọ́n sì tì mọ́lé ní Ship Island, erékùṣù tó kọjú sí Gulfport. Nígbà tí Natasha kọ ìwé náà, wàláà ìrántí wà níbẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun yẹn. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn ńkọ́? Kò sí. Ìyá Natasha ńkọ́? Ọjọ́ pẹ́ tí sàréè rẹ̀ fi wà láìní òkúta orúkọ. Ẹ ti rí i báyìí? Ọ̀RÀN KAN NÁÀ NI!

Nínú ewì tó fún ìwé náà lórúkọ, ọmọ ogun kan tó mọ̀wé ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sínú ìwé tí wọ́n gbà nílé ọ̀tá. Ó ń kọ tiẹ̀ lé orí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Sonnet 10 ni, ìyẹn ewì kéékèèké onílà mẹ́rìnlá, ìlà tó parí ọ̀kan ló tún ń ṣí èyí tó kàn, pẹ̀lú àyípadà díẹ̀. Ṣẹ́ ẹ mọ aṣọ òkè? Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán etí ọ̀kan mọ́ etí èkejì kó tó di agbádá. Ẹni tó já ọ̀kan gbà ò tíì rí agbádá. Nítorí náà, ẹ kà á tẹ̀léra, ẹ kà á sókè, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ohun tó yí padà nínú ìlà náà. Ọ̀rọ̀ tó ṣí ti àkọ́kọ́ ló pa èyí tó kẹ́yìn dé.

Ìwé yìí gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007. Lọ́dún 2012, wọ́n fi Natasha ṣe Akéwì Àgbà Amẹ́ríkà, ó sì wà nípò náà dé 2014. Memorial Drive, níbi tó ti sọ ìtàn ikú ìyá rẹ̀ láìfi ewì kọ ọ́, ò jáde àfi 2020. Ẹ máà tíì mú ìyẹn o. Native Guard ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, láti ojú ewé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má fo àwọn ọmọ ogun yẹn.