Ìṣákọ́lẹ̀ Tí Ìjọba Ń San Kí Ilẹ̀ Lè Sinmi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣákọ́lẹ̀ tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ń san án. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí yàtọ̀: ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ń san án fún onílẹ̀, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà dáko níbẹ̀. Conservation Reserve Program ni wọ́n ń pe ètò náà, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún 1985 ni ó sì dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dé Cimarron, káńtì kan (ìyẹn ẹkùn tí ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Oklahoma. Pápá gbalasa ni, òjò kò pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbádùn. Nígbà tí àlìkámà gbówó lórí lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà túlẹ̀ káàkiri, wọ́n hú koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ di erùpẹ̀ mú, nígbà tí ọ̀dá sì dé lẹ́yìn ọdún 1930, erùpẹ̀ ń bá atẹ́gùn lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, 14 oṣù Kẹrin ọdún 1935, eruku dúdú gbára jọ bí òkè, ó ya bo ìlú, ọ̀sán sì di òru mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Kí oṣù náà tó parí, Ààrẹ Roosevelt ti buwọ́ lu òfin ìtọ́jú ilẹ̀.

Bí ètò ti òní ṣe ń lọ nìyí: àgbẹ̀ yóò lọ sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní káńtì rẹ̀, yóò sọ iye éékà tí ó fẹ́ fi sílẹ̀ àti iye tí yóò gbà lórí éékà kan. Bí wọ́n bá gbà fún un, yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún 10 sí 15, yóò gbin koríko tàbí igi síbẹ̀, ìjọba yóò sì bá a gbé lára ìnáwó náà. Ní ọdọọdún ni owó rẹ̀ ń wọlé.

Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n jù nínú òfin náà ni pé, yàtọ̀ sí àwọn ìgbà tí wọ́n bá yọ̀ǹda, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ oko káńtì kan lọ. Ìdí ni pé onílẹ̀ lè wà ní ìlú ńlá kí ó máa gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ajílẹ̀, ẹni tí ń tún tirakítọ̀ ṣe, àti àgbẹ̀ tí ó yá ilẹ̀ náà dáko tẹ́lẹ̀, ta ni yóò san tiwọn? Òfin kò dá wọn lóhùn tààrà. Ó kàn fi ààlà sí ìpalára náà ni.

Àléébù tí ó dùn mí jù ni pé ìjọba kò ra ìsinmi ilẹ̀, ó kàn yá a ni. Ní ọdún 2007, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ètò náà tó mílíọ̀nù 36.8 éékà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni epo ethanol tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe mú kí àgbàdo gbówó lórí, owó tí oko ń mú wọlé sì borí ìṣákọ́lẹ̀ ìjọba. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí àdéhùn wọn parí kò tún un ṣe. Nígbà tí ó di 2014, òfin tuntun fúnra rẹ̀ ti ń dín iye ilẹ̀ tí ètò náà lè gbà kù sí mílíọ̀nù 24 éékà. Èmi kò lè dá àgbẹ̀ tí ó ní gbèsè ní báǹkì lẹ́bi. Ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú, ọjọ́ kan péré ni tirakítọ̀ fi ń dojú rẹ̀ dé.